Ìgò Omi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yẹ̀ Wò: Ìdáhùn lórí Ikú Charles Bravo

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ń ka ìtàn Charles Bravo, lọ́yà ará Lọ́ńdọ̀nù tí májèlé pa ní ọdún 1876. Mrs Cox, obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, sọ pé ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé òun ti gbé májèlé jẹ. Bí olóògbé bá ti jẹ́wọ́, kí ló dé tí àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn pé wọ́n pa á ni? Bí ẹ bá sì gbà pé wọ́n pa á, ta ni ẹ rò pé ó ṣe é?"

Mo dúpẹ́ fún ìbéèrè yín. Ibi tí ẹjọ́ yìí ti máa ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ gan-an ni ẹ bọ́ sí, nítorí náà ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Olóògbé kò jẹ́wọ́ fún wa. Ohun tí a ní lọ́wọ́ ni pé Mrs Cox sọ pé olóògbé jẹ́wọ́ fún òun, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí àwọn méjèèjì nìkan wà nínú yàrá, tí kò sí etí kẹta níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí, ẹjọ́ Bravo ni mo sì sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé bí a bá yọ gbogbo ohun tó ti ẹnu obìnrin yìí jáde kúrò nínú àkọsílẹ̀, ohun tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró gbọin-in.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn náà, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún 1875, ni Charles Bravo gbé Florence Ricardo níyàwó. Opó olówó ni Florence. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Captain Alexander Ricardo, mu ọtí títí ó fi kú ní ọdún 1871, ó sì fi £40,000 sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn èyí ni Florence àti Dókítà James Manby Gully wá ń fẹ́ra wọn ní ìkọ̀kọ̀. Gully ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri nítorí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Malvern, níbi tó ti ń fi omi tútù tọ́jú àwọn aláìsàn. Charles Darwin pàápàá wà lára àwọn tó lọ síbẹ̀. Nígbà tí Florence fẹ́ fẹ́ Bravo, ó já Gully sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní The Priory, ní Balham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni tọkọtaya náà ń gbé, Gully sì wà ní Orwell Lodge tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ síbẹ̀. Mrs Jane Cannon Cox, opó tó ní ọmọkùnrin mẹ́ta, ni alábàágbé Florence tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ń bójú tó ilé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ọdún 1876, ẹṣin kan gbé Charles sá lọ ní ọ̀sán, gbogbo ara sì ń ro ó nígbà tó dé ilé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jẹun alẹ́: ẹja, ẹran àgùntàn àti ẹyin. Charles nìkan ló mu wáìnì pupa tí wọ́n ń pè ní burgundy. Sherry ni àwọn obìnrin méjèèjì mu, wọn kò sì mu ún ní ìwọ̀nba. Lẹ́yìn oúnjẹ, Florence gòkè lọ sùn. Oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ìkejì nìyẹn láti ìgbà ìgbéyàwó wọn, ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi ń sùn ní yàrá ọ̀tọ̀. Charles kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi èdè Faransé bá a wí pé ọtí tó ń mu pọ̀ jù, nítorí pé Mary Ann Keeber, ọmọ ọ̀dọ̀, wà níbẹ̀, ó sì wọ yàrá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi já síta tó ń ké pe ìyàwó rẹ̀, tó sì ń béèrè omi gbígbóná. Ó bì láti ojú fèrèsé, ó ṣubú, kò sì mọ ibi tó wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Dókítà tó tó mẹ́fà ló rí i kó tó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí kò ní ẹnu. Sir William Gull, tó di gbajúmọ̀ nítorí pé ó tọ́jú ọmọ ọba nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun fẹ́ pa á ní ọdún 1871, wà lára àwọn dókítà náà. Òun ló ṣàkíyèsí pé èébì ṣì wà lórí òrùlé kékeré tó wà lábẹ́ fèrèsé, òun ló sì ní kí wọ́n kó o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Redwood yẹ èébì náà wò, ó sì bá áńtímónì nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tún bá a nínú ara òkú náà. Irú áńtímónì yìí ni wọ́n ń pè ní tartar emetic, ìyẹ̀fun funfun tó máa ń yòrò nínú omi, tí adùn rẹ̀ kò sì hàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń mumi gbùúgbùú yóò fi fura. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé tìróò ni mò ń sọ. Lóòótọ́, òkúta áńtímónì ni àwọn ará àtijọ́ ní ilẹ̀ míràn ń lọ̀ sójú, ṣùgbọ́n òjé ni àwọn tó ṣe àyẹ̀wò tìróò láti ilẹ̀ wa bá nínú rẹ̀, ewu tirẹ̀ sì yàtọ̀.) Ìṣirò tí wọ́n ṣe ni pé Charles gbé nǹkan bí gíréènì (òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn nígbà náà) 30 sí 40 mì.

Àkókò tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì bákan náà. Tartar emetic kì í pẹ́ nínú kó tó lé ohun gbogbo jáde. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, wọ́n sì jọ jẹ oúnjẹ kan náà láìsí pé inú run àwọn obìnrin náà. Bó bá jẹ́ inú burgundy ni májèlé náà wà, kò yẹ kí Charles lè jókòó títí oúnjẹ fi parí, kó gòkè, kó bá ìyàwó rẹ̀ wí ní èdè Faransé, kó sì tún bọ́ aṣọ rẹ̀ kó tó kígbe. Ohun tó kù ni omi inú yàrá rẹ̀. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé ó máa ń gbé ìgò omi tó wà níbi ìfọwọ́ rẹ̀ sẹ́nu kó tó sùn, tí yóò sì mu ún láìlo ife. Ní tèmi, inú ìgò yẹn ni májèlé náà gbà wọlé. Ẹ̀rí tí ì bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò sí mọ́, torí pé kò sí ẹni tó yẹ omi náà wò. Wáìnì inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ àti àwọn ìgò oògùn ni wọ́n kó lọ fún àyẹ̀wò, wọn kò sì bá nǹkan kan nínú wọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ilé náà ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun láyè láti da omi náà nù, kó ṣan ìgò náà, kó sì pọn òmíràn sí i, nígbà tí àwọn dókítà ṣì ń rò pé bóyá nǹkan kan já nínú ara ọkùnrin náà ni.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ wá jẹ́ kí a padà sí ìjẹ́wọ́ yẹn. Nígbà tí Dókítà Harrison kọ́kọ́ dé láti Streatham, Mrs Cox sọ fún un pé ó dá òun lójú pé chloroform, oògùn tí wọ́n fi ń kun ènìyàn lóorun, ni Charles mu. Kò dárúkọ májèlé. Ìgbà tí Royes Bell, mọ̀lẹ́bí Charles tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ, dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ni ó tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì sọ pé Charles wí fún òun pé òun ti mu lára májèlé yẹn, kí òun má sọ fún Florence. Nígbà tí wọ́n bi Charles fúnra rẹ̀, ó ní òun kò rántí pé òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Laudanum, oògùn olópíọ́mù, ni òun fi pa èrìgì nítorí eyín tó ń dun òun, bóyá òun sì gbé díẹ̀ mì. Dókítà George Johnson sọ fún un pé laudanum kò lè fa irú àìsàn yìí, èsì rẹ̀ sì ni pé bí kì í bá ṣe laudanum, òun kò mọ ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn ìwádìí ikú àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ Mrs Cox tún gùn sí i: ó ní ohun tí Charles sọ gan-an ni pé òun mu májèlé nítorí Dókítà Gully, pé kí òun bo orúkọ Florence ní àṣírí ni òun ṣe gé gbólóhùn náà kúrú. Ẹ̀yà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní, èyí tó bá sì dé lẹ́yìn ló máa ń bá ohun tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ nígboro mu jù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àmọ́ níhìn-ín, kódà ẹnìkan náà kò rò ó bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì tí a ti mú un wá, máa ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ pé ikú ti sún mọ́ òun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa ohun tó pa á. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ lé ìlànà yẹn, ohun tí Charles sọ fún àwọn dókítà ní ọjọ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí a gbé lé ìwọ̀n, nígbà tí ó ti mọ̀ pé òun ń kú lọ, tí ó ti ṣe ìwé ìhágún tó fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún Florence, tí ó sì ń gbàdúrà. Gbogbo rẹ̀ ló fi sẹ́ pé òun kò mu ju laudanum lọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé Gull kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́rìí pé nígbà tí òun sọ fún Charles pé májèlé ló ń pa á, kò ya ọkùnrin náà lẹ́nu, kò sì béèrè ta ló fún òun, ó sì dá Gull lójú pé ẹni tó mọ ohun tó ṣe ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ Gull nípa àìsàn, àmọ́ mi ò lè gba ìtumọ̀ tó fún ojú ẹni tó ti ń bì, tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ta ni yóò rí okun láti yà lẹ́nu? Lódìkejì, a ní ohun kan tí kò ti ẹnu Mrs Cox wá: igbe tí Mary Ann Keeber gbọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Ẹni tó fẹ́ kú kì í já síta kó máa ké fún omi gbígbóná kí òun lè bì í jáde.

Nítorí náà, mo yọ ìpara-ẹni kúrò. Àwọn kan ti gbà pé àṣìṣe ni, pé Charles fúnra rẹ̀ ló ni tartar emetic náà, ó sì gbé e mì níbi tó ti ń wá ohun tí yóò fi lé laudanum jáde. Kò sí bébà oògùn, kò sí ìgò, kò sí ẹni tó tà á fún un. Àbá lásán ni.

Ní ti ẹni tó ṣe é, méjì nínú àwọn tí wọ́n fura sí kò ní dá wa dúró pẹ́. Àkọ́kọ́ ni George Griffiths, awakọ̀ ẹṣin tí Charles lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó sì wí lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ọkùnrin náà kò ní lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Oṣù mẹ́rin ààbọ̀ ni ó lò, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún sọ, ṣùgbọ́n Griffiths ti ń ṣiṣẹ́ ní Kent nígbà tí Charles kú. Ìwúlò rẹ̀ fún wa ni pé òun ló ra tartar emetic púpọ̀ ní Malvern láti fi tọ́jú ẹṣin, tó kó o pamọ́ sí ilé ẹṣin The Priory, tó sì sọ pé òun da èyí tó kù nù kí òun tó lọ. Bí májèlé náà ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé náà nìyẹn, bí a bá lè gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí rẹ̀. Gully ni ìkejì. Ó ní ìdí láti bínú, ó sì fi ìgò oògùn oorun kan ránṣẹ́ sí Florence nípasẹ̀ Mrs Cox lẹ́yìn tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, èyí tí kò yẹ kó ṣe, àmọ́ kò sí ohun tó fi hàn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ilé náà.

Ó wá ku àwọn obìnrin méjì. Charles ti ṣírò iye tí Mrs Cox ń ná wọn lọ́dún, ó sì fẹ́ kó lọ. Opó tó ní ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn kì í fojú kékeré wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, òun ló rán ọmọ ọ̀dọ̀ jáde lọ wá omi gbígbóná àti mustard, òun náà ló ránṣẹ́ sí dókítà tó wà ní Streatham nígbà tí Dókítà Moore wà nítòsí ní Balham. Florence ló ní kí wọ́n pe Moore nígbà tó jí. Gbogbo èyí burú fún un. Síbẹ̀ mi ò rí i pé ìdí tó ní tó láti pa ènìyàn: àwọn ará rẹ̀ ní Jàmáíkà ní ohun ìní tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún, Joseph Bravo, ọkọ ìyá Charles, sì ti ń rọ̀ ọ́ láti lọ síbẹ̀. Ìwà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn jọ ti ẹni tó ń bo àṣírí ẹlòmíràn ju ti ẹni tó ń bo tara rẹ̀ lọ.

Àṣírí ta ni? Florence ti lóyún lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, méjèèjì ló bàjẹ́, ara rẹ̀ kò sì tíì padà bọ̀ sípò tí ọkọ rẹ̀ fi ń fẹ́ padà sí ibùsùn rẹ̀. Wọ́n tún ń jà lórí owó, torí pé Charles kò fẹ́ gbà kí ohun ìní ìyàwó rẹ̀ wà lórúkọ ìyàwó, ìgbà tí òfin ọdún 1882, tó fún aya ní ẹ̀tọ́ láti ní ohun ìní tirẹ̀, kò sì tíì dé, ọwọ́ ọkọ ni àǹfààní wà. Ní ìdàkejì, obìnrin yìí sunkún, ó sì ń pe dókítà lórí dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pe Gull, ọ̀kan nínú àwọn tó mọṣẹ́ jù ní ilẹ̀ náà. Kí ni apànìyàn yóò máa wá irú ojú bẹ́ẹ̀ sí?

Ibí yìí ni ìwọ̀n májèlé náà ti ṣe pàtàkì, mo sì rò pé àwọn òǹkọ̀wé kì í dúró tì í tó. Wọ́n máa ń sọ pé gíréènì 40 pọ̀ ju ohun tó lè pa ènìyàn lọ, pé nítorí náà ẹni tó fi í síbẹ̀ fẹ́ pa á dájúdájú. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n òde òní wọ̀n ọ́n. Gíréènì kan kò tó mílígíráàmù 65, nítorí náà gíréènì 40 jẹ́ nǹkan bí gíráàmù méjì ààbọ̀, ìyẹ̀fun tí kò lè kún ṣíbí ìpo-tíì kan. Ìgbà náà sì ni àwọn ìyàwó ọ̀mùtí mélòó kan máa ń fi ìwọ̀nba tartar emetic sínú ọtí ọkọ wọn ní ìkọ̀kọ̀ kí ọtí lè sú u. Obìnrin tó bá mọ̀ pé ìyẹ̀fun yìí máa ń mú ènìyàn bì, tó sì fẹ́ kí àìsàn ọjọ́ méjì mú ọkọ rẹ̀ jìnnà sí ibùsùn òun, lè bu ohun tí ojú rẹ̀ rí bíi díẹ̀ kó sì ti pọ̀ jù ní ìlọ́po púpọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sunkún lóòótọ́, yóò pe gbogbo dókítà tó mọ̀, kò sì ní lè sọ fún èyíkéyìí nínú wọn ohun tó fi sínú omi. Alábàágbé tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò sì wá ìtàn kan tó máa gbé ẹ̀bi lé orí òkú.

Mo gbà pé èyí ló bá àwọn ẹ̀rí mu jù. Mi ò sọ pé ẹ̀rí ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ẹni tó rí Florence nídìí ìgò náà, a kò sì rí májèlé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwádìí ikú kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1876, ní ilé ìtura Bedford ní Balham, tó sì gba ọjọ́ 23 títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ni ì bá tú kókó yìí palẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí William Carter, kọ́rónà (òṣìṣẹ́ òfin tó ń darí ìwádìí ikú), fi wàdùwàdù ṣe nínú ilé olóògbé. Àmọ́ ohun tí àwọn lọ́yà fi ọ̀pọ̀ àkókò ṣe ni bíbi Florence léèrè nípa òun àti Gully, títí obìnrin náà fi bẹ kọ́rónà àti àwọn júrì pé kí wọ́n gba òun sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ wòran. Mo ti ka ohun tí wọ́n bi í léèrè lórí ìrìn àjò òun àti Gully, ó gùn ju èyí tí wọ́n bi ẹnikẹ́ni lórí ìgò omi lọ fíìfíì. Florence kú ní Southsea ní ọdún 1878, ẹni ọdún 33. Ọtí ló pa á. Ìwádìí kò tún ṣe é ṣe mọ́ lẹ́yìn náà.

Ìdájọ́ àwọn júrì ni pé Charles kò pa ara rẹ̀, pé kì í ṣe àṣìṣe ló pa á, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi tartar emetic pa á ni, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rí kò tó láti di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Bí mo bá jókòó láàárín wọn, n óò fi ọwọ́ sí apá àkọ́kọ́ àti apá ìkẹyìn, n óò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ "mọ̀ọ́mọ̀" kúrò, torí pé nínú gbogbo ọjọ́ 23 yẹn, kò sí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó sọ ohun tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yẹn múlẹ̀.